Abẹ́rẹ́ Inú Píkọ́ọ̀pù Bàbá Ìyábọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi Ògúnwùmí, tí gbogbo ìlú Tápà mọ̀ sí Bàbá Ìyábọ̀, nìkan ni ọkùnrin tí mo mọ̀ tó máa ń kí mọ́tò kó tó kí ìyàwó. Bó bá ti jí láàárọ̀, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà lọ tààrà. Á gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì píkọ́ọ̀pù rẹ̀ bí ìyá tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná, á ní, "Ṣé o sùn dáadáa?" Ìgbà tí mọ́tò bá ti dákẹ́ mọ́ ọn lójú ni á tó wá padà wọlé béèrè oorun Ìyá Ìyábọ̀.

Lọ́jọ́ kan mo lúgọ sẹ́yìn táyà, mo bá mọ́tò dá a lóhùn. Mo ní, "Mo sùn, ọkọ mi, orí ló kàn ń fọ́ mi." Ẹ̀gbọ́n mi fò sókè bí ẹni tó tẹ iná mọ́lẹ̀. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló bá a wọlé. Ìdí igi ìbẹ́pẹ la ti rí ìkejì.

Ẹ má pè mí ní ọmọkọ́mọ o. Òun ni àkọ́bí ìyá wa, èmi Ọmọ́ṣọlá ni àbígbẹ̀yìn, ogún ọdún ló fi jù mí lọ. Òun ló pọ̀n mí, òun ló rán mi níwèé. Ẹni tó pọ̀n mí títí tí mo fi tọ̀ sí i lẹ́yìn, ta ni kí n bá ṣeré bí kò bá ṣe òun? Lọ́dún 1988 tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, mo ti parí ìwé girama, mo ń retí èsì ìdánwò. Iṣẹ́ mi kò ju kí n jókòó síwájú mọ́tò, kí a jọ lọ sọ́jà, kí n sì máa yọ ọ́ lẹ́nu lójú ọ̀nà.

Ohun méjì ló ń ba Bàbá Ìyábọ̀ lẹ́rù láyé. Ìkínní ni Ògún. Ilé ọdẹ ni wọ́n bí wa sí. Ojúbọ Ògún wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, Bàbá Ògúndìran, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dójú ọ̀gbagadè nílé wa, irin la fi ń kan ahọ́n, ẹni tó bá sì ti fi ahọ́n kan irin kì í purọ́. Ọkùnrin kan nínú ẹbí wa dán an wò kí wọ́n tó bí mi. Ó fi irin búra pé òun kọ́ ló gbé àgbọ̀nrín lójú pàkúté ẹlòmíràn. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìbọn tirẹ̀ gan-an bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì gbabẹ̀ lọ sọ́run. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ, òkèlè á dúró lọ́nà ọ̀fun.

Ìkejì ni kí ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì. Ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ̀gbọ́n mi fi jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ nínú bọ̀lẹ̀kájà tó ń kó ẹ̀gẹ́ lọ Ìbàdàn. Nígbà tó wá ra píkọ́ọ̀pù tirẹ̀, kò lò ó ju ọdún mẹ́ta lọ. Láàárín Lánlátẹ̀ sí Èrúwà, lọ́sàn-án ọjọ́ ọjà, ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì gbóná kọjá ààlà, kò sì sí ohun tó ta á lólobó. Ẹ́ńjìnnì dún "gbà!" bí ẹni fi òòlù lu ìkòkò irin, ó gan síbẹ̀. Bàbá Ìyábọ̀ jókòó tì í lẹ́bàá ọ̀nà bí ẹni jókòó ti òkú. Àwọn tó ń ra irin ló wá gé e lọ. Ọdún mẹ́rin gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi fi padà sídìí ọkọ́, ẹ̀yìn ilé ló sì ń gbà kọjá kó má bàa bá àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé ní gáréèjì.

Píkọ́ọ̀pù kejì yìí ti darúgbó kó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Okùn la fi ń so ilẹ̀kùn ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì sì ń bẹ̀bẹ̀ fún tirẹ̀. Ìbẹ̀rù kò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi gbádùn rẹ̀. Bí a bá ti rìn díẹ̀, á dúró, á fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, á gbé e símú bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀ àná. Àwọn èrò ẹ̀yìn á máa pariwo: "Bàbá Ìyábọ̀, ṣé ó ti kan ni?"

Sàlámì, rìwáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe ní Igbó-Ọrà, ló ṣàánú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ìyábọ̀, géèjì omi nìkan lẹ ní. Omi lè tutù kí ọ́ìlì máa hó. Mo ní géèjì ọ́ìlì kan tí mo tú lára katakata tó ti kú. Ẹ jẹ́ kí n fi sí i fún yín. Ẹ ó máa fojú rí ohun tí imú yín ń wá kiri."

Ó yọ nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń da ọ́ìlì nù nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ó lu ú, ó de ẹnu géèjì mọ́ ọn kó lè máa wẹ̀ nínú ọ́ìlì. Ó wá fa wáyà kan láti ibẹ̀ wọ inú ọkọ̀, ó so aago rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ sítíárì. Ojú aago dúdú, abẹ́rẹ́ rẹ̀ funfun, ìlà pupa sì wà lápá ọ̀tún. Bàbá Ìyábọ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ tuntun fún.

"Ẹ jẹ́ ká dán an wò," ni Sàlámì wí. Ó yọ orí wáyà náà, ó fi kan irin ara ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ sáré fìrì wọ inú pupa. Kí a tó ṣẹ́jú, ẹ̀gbọ́n mi ti wà nídìí igi máńgòrò ní òdìkejì títì.

"Ẹ padà wá o! A ò tíì ṣíná ẹ́ńjìnnì rárá! Wáyà ni mo fi kan irin. Bó bá ti kan irin báyìí, aago á rò pé ọ́ìlì ti gbiná ni."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ń ronú ni.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi eyín bó ara wáyà náà díẹ̀ níbi tó ti gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi kọjá. Bí mo bá ti fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ mú píìnì irun mi, tí mo fi kan ibi tó bó yẹn àti irin ọkọ̀ papọ̀, abẹ́rẹ́ á fò wọ pupa. Ọ̀nà Ìgàngán la wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ bíréèkì, ó bẹ́ sílẹ̀, ó dì mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Ògún, bó bá jẹ́ ajá lo fẹ́, màá fún ẹ lájá! Fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ fún mi!" Àwọn ìyá tó gbé ẹ̀gúsí sẹ́yìn ti ń bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń di ìró wọn mú. Mo ki gèlè bọnu kí ẹ̀rín má bàa pa mí.

Ìgbà kẹta ló rí ẹsẹ̀ mi. Kò nà mí. Ó yọ ìkejì kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà tó máa ń fi okùn kọ́ sọ́rùn, ó nà án sí mi.

"Ọmọ́ṣọlá, ìwọ ni àbí ìwọ kọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀ ń fura sí àbúrò yín ni?"

"Fi kan ahọ́n."

Ẹ̀fẹ̀ mi tán síbẹ̀. "Èmi ni," ni mo sọ, pẹ̀lú irin lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n mi wá rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Ọmọ burúkú! Ìwọ lo máa pa mí, kì í ṣe mọ́tò."

Láti ọjọ́ náà ló ti di òfin láàárín wa. Bí abẹ́rẹ́ bá ti ṣe é bákan, á ní, "Ìwọ ni?" á sì na kọ́kọ́rọ́ sí mi. Bí mo bá ní èmi ni, á pòṣé, á máa wakọ̀ lọ. Bí mo bá ní èmi kọ́, á yà sábẹ́ igi, á pa ẹ́ńjìnnì, a ó sì jókòó síbẹ̀ títí yóò fi tutù. Ó gbẹ́kẹ̀ lé ahọ́n mi ju aago Sàlámì lọ.

Lóṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí oòrùn ń yan ènìyàn bí ẹ̀pà, a ń bọ̀ láti Tápà lọ sí Ayétẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọkùnrin kan bọ́ sójú títì níwájú wa, ó gbé obìnrin kan sí èjìká bí ẹni gbé àpò. Búrẹ́mọ̀ ni, àgbẹ̀ tó ń gbé abúlé kan nítòsí ibẹ̀. Àjíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló gbé.

"Paramọ́lẹ̀ ló bù ú ṣán!" ni Búrẹ́mọ̀ ń kígbe. "Ìdí ẹ̀gẹ́ ni ejò náà wà, kò rí i! Bàbá Ìyábọ̀, ẹ dákun, ẹ gbà mí, ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ò tíì jẹ nǹkan kan yàtọ̀ sí ọmú!"

Ẹsẹ̀ Àjíkẹ́ ti wú láti kókósẹ̀ dé orúnkún, ó ń dán bí awọ ìlù tuntun.  Ẹ̀gbọ́n mi gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti àpò ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ sínú koríko títí àyè fi wà. A tẹ́ Àjíkẹ́ sórí àpò òfìfo, Búrẹ́mọ̀ gbé orí rẹ̀ lé itan, ó di Igbó-Ọrà, níbi tí ọsibítù wà.

N kò rí ẹ̀gbọ́n mi kó sáré bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ewúrẹ́ Ayétẹ̀ ń fò sí kòtò. Ilẹ̀kùn ọwọ́ ọ̀tún ń fa okùn rẹ̀ bí ajá tó fẹ́ já. A kọjá Ayétẹ̀ tán, a bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, nígbà náà ni mo wo aago.

Abẹ́rẹ́ ti kúrò láàárín. Ó ń lọ sí ọ̀tún.

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà lórí àga, mo ká wọn mọ́ra. Mo fọwọ́ kan irun mi. Píìnì wà níbẹ̀.

"Ọmọ́ṣọlá." Ẹ̀gbọ́n mi ò wo ojú mi, ọ̀nà ló ń wò, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti fẹ́lẹ́. "Ìwọ ni?"

Mo bojú wẹ̀yìn láti ojú fèrèsé. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde láti ìdí eyín Àjíkẹ́, díẹ̀díẹ̀, Búrẹ́mọ̀ ń fi etí dàńṣíkí rẹ̀ nù ún, bó bá sì ti nù ún, òmíràn á tún yọ. Ó rí ojú mi, ó fi ọwọ́ lu ojú fèrèsé náà. N kò gbọ́ ohun tó ń sọ, mo kàn rí ẹnu rẹ̀.

Mo mọ ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá ní èmi kọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi iná sílẹ̀ kó tó ronú. Ọ̀nà Lánlátẹ̀ á padà sójú rẹ̀. Á dúró, á ní ká jẹ́ kó tutù díẹ̀, wákàtí kan á sì kọjá lórí Àjíkẹ́ nínú oòrùn yẹn. Mọ́tò mìíràn kò sì ní kọjá lójú ọ̀nà yẹn títí di ìrọ̀lẹ́ tí ọjà bá tú.

"Èmi ni," ni mo wí.

"Lónìí? Pẹ̀lú èyí tó wà lẹ́yìn yìí?"

"Ẹ má bínú. Ẹsẹ̀ mi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Irọ́." Ó tún wo aago. "Tìrẹ máa ń fò ni. Èyí ń rá bí ìgbín."

"Mo rọra ń fi kàn án ni."

Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan fa okùn ọrùn rẹ̀ já, ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi.  "Fi kan ahọ́n."

Mo gbà á. Mo rò ó pé kí n kàn fi ètè kàn án. Àmọ́ ó ti yíjú, ó ń wo ẹnu mi, mọ́tò sì ń lọ. Mo yọ ahọ́n, mo gbé irin lé e. Ó ní iyọ̀, ó ní ìpẹtà. Gbogbo irun ara mi dìde. Mo rí ọkùnrin àgbọ̀nrín yẹn bí ẹni pé òun ló jókòó láàárín wa, ẹ̀jẹ̀ ń kán sílẹ̀ láti ọwọ́ rẹ̀ tó já.

"Èmi ni," ni mo wí. "Bí kì í bá ṣe èmi, kí Ògún bi mí."

Ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀. Ó pè mí ní wèrè, ó pè mí ní aláìlójútì, ó ní a ó sọ̀rọ̀ nílé. Ó tẹ iná.

Abẹ́rẹ́ wọ pupa. Ó rìn títí ó fi fara ti òpin. Ẹ̀gbọ́n mi kò wò ó mọ́, nítorí mo ti búra. Èmi nìkan ni mo ń wò ó. Òórùn ọ́ìlì tó ń jóná bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ó fa imú. "Kí ló ń rùn?"

"Igbó ni wọ́n ń sun," ni mo sọ. Kò sí èéfín kankan lójú ọ̀run.

Nígbà tí a wọ Ìdèrè ni mo gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹni ń fi ìka kan ilẹ̀kùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin kó má bàa gbọ́. Ohùn mi ń já. N kò mọ èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù nínú mẹ́ta: obìnrin tó ń kú lẹ́yìn, irin tó ń kú nísàlẹ̀, àbí ohun tí mo ti pè sórí ara mi. Gbogbo irin inú ọkọ̀ náà ló dà bíi pé ó ń wò mí. Mo ká ọwọ́ mọ́ àyà kí n má bàa fara kan ìkankan.

A kọjá ẹnu ọ̀nà ọsibítù. A dé iwájú àtẹ̀gùn gan-an. "Gbà!" Mọ́tò jì, ó kú.

Wọ́n gbé Àjíkẹ́ wọlé. Abẹ́rẹ́ oògùn oró ejò wà níbẹ̀, wọ́n fún un. Ọjọ́ kejì ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó dá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò níbẹ̀, ó sì tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà sídìí ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, a kò tíì mọ ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ooru sì lé e sẹ́yìn. Ó yí wá sápá ọ̀dọ̀ mi, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ibi tí wáyà náà ti bó. Eruku ọjọ́ mélòó kan wà lórí rẹ̀, kò sí àmì pé píìnì kàn án. Ó dìde díẹ̀díẹ̀.

"Ìwọ ni àbí ìwọ kọ́?"

Mo kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́. "Èmi kọ́."

Mo ń retí ìgbátí. Mo ń retí kó bú sẹ́kún nítorí ẹ́ńjìnnì. Ojú rẹ̀ kàn funfun bí ẹfun. Ó já mi gbà lápá, ó wọ́ mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò débi pé bàtà mi bọ́.

"Kúrò nídìí irin! Kúrò nídìí irin, Ọmọ́ṣọlá!"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi ẹsẹ̀ rìn láti Igbó-Ọrà padà sí Tápà. Kò gbà kí n wọ mọ́tò ẹnikẹ́ni. Mọ́tò mẹ́ta dúró fún wa, ó ní ká máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn láti ibi tí a wà. Bí alùpùpù bá ń bọ̀, á tì mí sínú koríko, á dúró síwájú mi, á na apá méjèèjì. Ìyá kan tó ń ta ìrèké fẹ́ gé díẹ̀ fún wa. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi rí ọ̀bẹ rẹ̀, ó fi ara rẹ̀ bò mí bí àgbébọ̀ tó rí àṣá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan la jẹ, nítorí kò gba ọ̀bẹ.

Mo gbìyànjú láti ṣẹ̀fẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìdè ìgbànú yín ńkọ́? Irin mà ni." Ó tú ìgbànú náà, ó jù ú sínú igbó. Ọwọ́ ló fi di ṣòkòtò mú títí a fi dé Ayétẹ̀. N kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́.

"Ẹ́ńjìnnì yín ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ta ló bi ọ́ ní ẹ́ńjìnnì?"

Ilé ìbátan wa kan ní Ayétẹ̀ la sùn. Ọjọ́ kejì la dé ilé. Bàbá Ògúndìran jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Wọ́n ní kí wọ́n sun iṣu, kí wọ́n mú ajá wá. Wọ́n wá fa àdá àtijọ́ kan yọ nídìí ojúbọ, èyí tí bàbá wọn fi ń lọ igbó.

"Ahọ́n tó purọ́ lórí irin," ni wọ́n wí, "orí irin náà ni yóò ti wá sọ òótọ́. Bí Ògún bá fẹ́ gbà á, á gbà. N kò lè búra fún un."

Wọ́n na àdá náà sí mi, wọ́n bi mí bóyá èmi ni àbí èmi kọ́. Mo ya ẹnu, ẹnu kò ya. Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Ẹkún ni mo ń sun, n kò lè sún mọ́ àdá náà.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin tó máa ń sá kọjá títì nítorí abẹ́rẹ́ aago, wá síwájú. Ó gba àdá lọ́wọ́ Bàbá Ògúndìran. Ó yọ ahọ́n, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú irin náà pẹlẹbẹ.

"Èmi ni mo fi irin sí i lẹ́nu," ni ó wí, "nígbà tí ẹ̀mí ènìyàn wà láàárín. Èmi ni mo ń wá ẹni tó máa bá mi ru ẹ̀rù mi. Bí ìyà kan bá ń bọ̀, kó kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ mi kọjá."

 Ẹ̀gbọ́n mi yí àdá náà padà, ó di ojú mímú rẹ̀ mú kó lè na èkù rẹ̀ sí mi.

"Ó yá, àbúrò mi," ni ó wí. "Kò gbóná."

Mo gbà á.